Ẹ jẹ́ kí dróònù padà wálé

Láti Kétu dé Àjàṣẹ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìnáwó ńlá mọ́ tí dróònù kì í fò lókè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó ọ̀hún ni àwa ń bá wí. Bátìrì ọ̀pọ̀ wọn kò gbé ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lọ. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ náà á ṣírò ọ̀nà, á sì fúnra rẹ̀ padà síbi tó ti gbéra. Ẹ má sọ fún oníṣẹ́ pé kó dá a dúró, kó ya fọ́tò díẹ̀ sí i. Tí bátìrì bá fẹ́ tán pátápátá, ibi tó bá wà ni yóò ti máa sọ̀kalẹ̀, ì báà jẹ́ orí àwọn ìyá ọlọ́jà.

Síbẹ̀, kò gbọ́n tó bí àwọn kan ṣe rò. Ilẹ̀ tó ti gbéra ló fi ń wọn gíga tó máa gbà padà. Ní Ṣábẹ̀, tí òkè pọ̀ sí, bí wọ́n bá fi í sí mítà 30, tó sì wà lẹ́yìn òkè, àpáta ló máa lọ kọlù, àfi èyí tó bá ní ojú níwájú (owó ìyẹn kì í sì í ṣe kékeré). Kó tó gbéra, ẹ bi oníṣẹ́ léèrè: mítà mélòó lo fi ìpadàbọ̀ rẹ̀ sí?