Ẹ Jẹ́ Ká Wọn Ọkàn Abiyamọ Pẹ̀lú

 

Bí aboyún bá lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n á wo bó ṣe wúwo tó, wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò. Bó bá bímọ tán, wọ́n á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Ta ló wá ń wọn ọkàn ìyá? Àwa tí à ń ta gàrí mọ̀ pé ojú lásán kì í ṣe kóńgò.

Òṣùwọ̀n rẹ̀ wà. Ní 1987 ni John Cox, Jenifer Holden àti Ruth Sagovsky gbé e jáde ní Scotland, wọ́n fi orúkọ ìlú Edinburgh pè é. Ìbéèrè mẹ́wàá péré ni, lórí ọjọ́ méje tó kọjá: ṣé ẹ̀rín ṣì ń pa ọ́? Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ láìnídìí? Ṣé ìbànújẹ́ ò jẹ́ kóo rí oorun sùn? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti 0 dé 3. Èyí tó kẹ́yìn ló wúwo jù: ṣé ó ti wá sí ọ lọ́kàn láti ṣe ara rẹ léṣe? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bí máàkì yòókù tilẹ̀ kéré, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n tètè mú un lọ bá dókítà.

Kì í ṣe abísínwín là ń wí o. Ìyẹn, gbogbo àdúgbò ló ń rí i. Kì í sì ṣe ẹkún ọjọ́ díẹ̀ tó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì ni ká bẹ̀rù.

Àbí ti òyìnbó nìkan ni? Rárá. Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ obìnrin 876 wò ní Iléṣà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. 2005 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15 tó ní in. Ó wọ́pọ̀ jù lára ẹni tí kò lọ́kọ, ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀, àti ẹni tó bí ọmọbìnrin. Ẹ gbọ́ ìyẹn o! Ẹnu àwa àgbà náà wà níbẹ̀.

Àwọn kan á ní òṣùwọ̀n òyìnbó ò lè mọ ẹ̀dùn Ìgbómìnà. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀: ọ̀pọ̀ wa ò ní sọ pé inú òun bàjẹ́, á ní orí ń gbóná, àyà ń já. Nítorí náà, kí nọ́ọ̀sì fi èdè wa béèrè, kó má sì ṣe é níwájú ìyá ọkọ. Ó sì ní ìwòsàn. Iṣẹ́ tí Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún obìnrin 686 ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jáde ní 2019: nígbà tí ọmọ fi pé oṣù mẹ́fà, bíi méjì nínú mẹ́ta ni ara wọn ti yá.

Ohun mẹ́rin la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹgbẹ́ rán ènìyàn lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì wa, kí wọ́n máa béèrè ìbéèrè mẹ́wàá yìí. Kí a má gba owó ìtanràn ìpàdé lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí ìsọ̀ rẹ̀ bá ṣófo, kí ènìyàn méjì lọ wò ó nílé. Kí a sì yé sọ fún ìyá ọmọbìnrin pé kó tún padà lọ bí ọkùnrin wá.

Ọlọ́run á bá wa wo ìyá, á bá wa wo ọmọ.