Ẹnu Àgbà Nìkan Ò Tó Mọ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la bá wá.

Láyé àwọn bàbá wa, ẹnu àgbà ni ìwé. Àlejò á gbé obì wá bá onílẹ̀, wọ́n á nà án níbi tí yóò ro, á sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ó lè gbin iṣu àti àgbàdo, kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé oko ni tirẹ̀, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Lónìí, kajú ti gbòde, àwọn àgbà tó mọ ààlà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òfin náà ti yí padà. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni òfin ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Code foncier et domanial jáde ní orílẹ̀-èdè Benin wa; ọdún 2017 ni wọ́n tún un ṣe. Kò ní kí á da àṣà wa nù, ó ní kí á fi ìwé tì í lẹ́yìn ni. Ìwé kan wà tó ń jẹ́ attestation de détention coutumière: wọ́n á wádìí ní gbangba, lójú àwọn tí ẹ jọ pààlà, kí wọ́n tó fún yín. Èyí tó ga jù ni titre foncier tí ANDF ń ṣe. Ẹni tó bá ti gbà á, ó ṣòro kí wọ́n tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi tí èrú tàbí àṣìṣe bá wà níbẹ̀.

Ibi tó kàn wá jù rèé. Òfin náà ní ẹni tó bá lo ilẹ̀ fún ọdún 10 gbáko bí onílẹ̀, ní gbangba, láìsí ìjà, lè di onílẹ̀. Ẹni tí a yá nílẹ̀ kò sí lára wọn. Àmọ́ tí bàbá tó yá a bá ti kú, tí a ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ta ló máa jẹ́rìí pé a yá a ni?

A ò ní ká lé àlejò o. Ìwé ń gba òun náà: ọmọ onílẹ̀ kan ò ní jí lọ́jọ́ kan kó ta oko mọ́ ọn lórí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ àdéhùn pẹ̀lú ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀: ààlà, iye ọdún, ìṣákọ́lẹ̀, igi tó lè gbìn, àti ẹlẹ́rìí. Kí ìjòyè àti délégé má fọwọ́ sí títà ilẹ̀ ìdílé kankan títí ìdílé ọ̀hún á fi jókòó pọ̀, obìnrin wọn náà. Òfin ìdílé ọdún 2004 ti ní ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin. Kí àwọn aṣojú wa ní méérì Savè sì jà fún un kí ìwádìí ilẹ̀ dé abúlé wa, kí owó rẹ̀ má ju agbára tálákà lọ.

Àwọn àgbà tó mọ ààlà ṣì wà láàyè. Ẹ jẹ́ ká bá wọn rìn ín ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí, ká kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó di pé adájọ́ tí kò mọ oko wa ló máa pín in fún wa.