Ewúro Ẹ̀yìnkùlé Wa: Ta Ni Yóò Ni Ín Lọ́la?

Ẹ wọ ọjà Fálàwọ̀ ní Ṣàgámù, ẹ ó bá àwọn ìyá wa tó ń ta ewúro, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre. Ta ló ń ra irúgbìn ewúro? Ẹ̀ka la máa ń gé lára ti aládùúgbò, à á gún un mọ́lẹ̀, ó hù. Ìyá àgbà mi ní Ìkẹ́nnẹ́ kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá gé tirẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe nínú yàrá ìwádìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí èyí. Ọ̀mùnú kékeré ni wọ́n máa ń gé, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n á gbé e sínú ìgò tó ní ṣúgà àti oúnjẹ ewéko. Ẹyọ kan á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, gbogbo wọn á sì jọ ìyá wọn. Bí ìyá bá kún fún èròjà tó ń ṣara lóore, àwọn ọmọ náà á kún fún un. Àwọn mìíràn tún máa ń fi ìmọ́lẹ̀ tàbí oògùn díẹ̀ ni ewé náà lára nínú ìgò, torí ìnira ló ń mú kí ewéko pọ̀ ní èròjà tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. NACGRAB ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ó dáa, n ò bá ìmọ̀ jà.

Àmọ́ òfin ni mo kà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn mí. Lọ́dún 2011, wọ́n gbé broccoli kan tó ń jẹ́ Beneforte jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èròjà glucoraphanin inú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti broccoli lásán. Ara ìbátan broccoli tó ń hù nínú igbó ní erékùṣù Sicily ni wọ́n ti mú àbùdá náà, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí. Wọ́n ṣẹjọ́ rẹ̀ títí. Lọ́dún 2015, European Patent Office ní èèyàn lè gba irú ìwé ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lórí ewéko; ó di 2020 kí wọ́n tó yí ohùn padà.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Láti 2021 ni òfin Plant Variety Protection Act ti wà. Ẹni tó bá mú irú ewéko tuntun jáde lè gba ẹ̀tọ́ lé e. Òfin náà yọ̀ǹda ká gbìn ín fún ara wa nínú ilé, àmọ́ tí ìyá ọlọ́jà bá ń gé ẹ̀ka rẹ̀ tà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ewúro àtijọ́ kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí wọ́n bá fi í bí ló ń bà mí lẹ́rù.

Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àtàwọn kánsù Rẹ́mọ tètè kọ àwọn ewéko wa sílẹ̀, àti ọgbà tí wọ́n ti wá. IAR&T ní oko ìwádìí ní Ìkẹ́nnẹ́; wọ́n lè gbìn wọ́n pa mọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gé ewé wa lọ sínú ìgò, kó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pé èyí tó bá ti ibẹ̀ jáde, àwọn ìyá wa á lè gé e, gbìn ín, kí wọ́n sì tà á láìtọrọ àṣẹ.

Kí ewúro wa lágbára sí i, a fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kó má di pé ìyá àgbà á máa wá lọ́yà kó tó gé ẹ̀ka fún aládùúgbò.