Ọsàn Wẹ́wẹ́ Kì í Ṣe Iná

Àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún kan ládùúgbò wa ní Bàrígà dáwó jọ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n múra, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba orí Third Mainland kọjá sí Victoria Island. Ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan ni wọ́n ń lọ, irú èyí tó ń po oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò àti Perú mọ́ tiwa. Wọ́n á di súyà sínú búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, wọ́n á kó dòdò sí i, wọ́n á wọ́n ata rodo lé e lórí. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Owó wọn ni, ẹgbẹ́ wọn sì ni. Ẹni tó ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì ní ìsọ̀ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, tó fẹ́ fi alẹ́ ọjọ́ kan ṣe fàájì, ta ni yóò bá a wí?

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, mẹ́ta nínú wọn ò lè kúrò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Ọ̀kan wà tí wọ́n gbé lọ fa omi sí lára kí ó tó lè dìde. Mi ò ní sọ pé nǹkan báyìí ló ṣe é. Ó lè jẹ́ ẹja tútù tí wọ́n jẹ, ó lè jẹ́ ewébẹ̀, ó lè jẹ́ yìnyín inú ife. Ohun tó bí mi nínú ni àlàyé tí àdúgbò ń ṣe. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀rẹ́ ló fi nǹkan sóúnjẹ ọmọ òun. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ti ọ̀mọ̀ràn inú wọn, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn, tó ń fọwọ́ ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn pé, "Kò lè jẹ́ ẹja yẹn o. Wọn ò fún wa ní tútù. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń sè é."

Ọsàn ni wọ́n fi ń sè é! Ìgbà wo ni ọsàn di ààrò?

Oúnjẹ tó ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní ceviche. Ẹ pè é ní sẹ̀fíṣè. Wọ́n á gé ẹja tútù kéékèèké, wọ́n á fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e títí yóò fi bò ó, wọ́n á rẹ́ àlùbọ́sà àti ata sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Láìpẹ́, ẹran ẹja tó ń dán gaara tẹ́lẹ̀ á di funfun, á le díẹ̀, ẹni tó bá rí i á ní ó ti jinná. Oúnjẹ iyì ni lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá aráyé ní orúkọ Perú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń bú oúnjẹ olóúnjẹ.

Àwa náà kì í ṣe àlejò sí oúnjẹ tó ń sọdá òkun. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl padà dé Èkó ló gbé frejon wá, ẹ̀wà tí wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n sì ń po mọ́ omi àgbọn, tí àwọn ọmọ Pópó Àgùdà ṣì ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Àkàrà tiwa náà lọ sí Bahia ní Bràsíl, ó di acarajé. Ìjọba Bràsíl fi iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2005. Èyí tó lọ àti èyí tó bọ̀, iná ló sè wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọsàn. Kíkan inú rẹ̀ ló ń yí ẹran ẹja padà. Àwọ̀ ló yí. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń gbé inú ẹja ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú, ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó tètè yé yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìwé tí àṣìṣe kún ojú ewé rẹ̀ fọ́fọ́, tí ẹ wá fi ọ̀rá dídán bo èèpo rẹ̀, ṣé àṣìṣe inú rẹ̀ ti lọ?

Ẹ mú ti aràn. Aràn kan wà nínú ẹja òkun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anisakis. Bí ẹja tó ń gbé e bá bọ́ sẹ́nu àbùùbùtán, inú ikùn àbùùbùtán yẹn ni aràn náà yóò ti dàgbà, nínú omi kíkan tó ń da oúnjẹ. Ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ohun tí omi ikùn ò pa, ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tí ẹ rà ní ọjà Bàrígà ni yóò pa á? Ẹ mú ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ẹ mú ti àrùn ẹ̀dọ̀ tí ìgbẹ́ ń kó bá oúnjẹ. Ọsàn ò ṣeé gbára lé fún ìkankan nínú wọn.

Ẹnìkan tó ń ka íntánẹ́ẹ̀tì yóò dìde báyìí pé ìwádìí ti fi hàn pé ọsàn wẹ́wẹ́ ń pa kòkòrò kọ́lẹ́rà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Kòkòrò kọ́lẹ́rà ò fẹ́ràn ohun kíkan rárá. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà ní Guinea-Bissau láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn onímọ̀ rí i pé àrùn náà ò fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn tó ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì. Ẹ gbọ́ o: ọbẹ̀ ni mo wí. Ọbẹ̀ tó ti gba orí iná kọjá. Ọsàn yẹn kàn ń ṣọ́ oúnjẹ tó ti jinná ni. Kò sẹ́ni tó gbé ẹja tútù lé e lọ́wọ́ pé kó bá òun sè é. Ẹ mú ìdajì ìròyìn, ẹ da ìdajì nù, ẹ wá ń fi èyí tó kù lọ́wọ́ yín tan ara yín jẹ.

Bí ẹ ò bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ẹ bi àwọn tó ni sẹ̀fíṣè. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1991, kọ́lẹ́rà gba àwọn ìlú etíkun bíi Chancay àti Chimbote wọ Perú. Kí ọdún náà tó parí, ó ti mú èèyàn tó lé ní 300,000 lórílẹ̀-èdè yẹn, àwọn tó kú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Omi ẹ̀rọ tí kò mọ́, oúnjẹ ojú títì, yìnyín, ẹja àti nǹkan inú òkun tí kò jinná, gbogbo wọn ni ọwọ́ ìwádìí bà. Ta ló tún mọ ọsàn wẹ́wẹ́ lára ẹja ju àwọn ará Perú lọ? Ọsàn ò gbà wọ́n. Nígbà tí ọjà àwọn apẹja kú, Ààrẹ wọn, Alberto Fujimori, jẹ ẹja tútù níṣojú aráyé kí ọkàn àwọn èèyàn lè balẹ̀. Mínísítà ètò ìlera rẹ̀ tó ti ń kìlọ̀ fún aráàlú fi ipò sílẹ̀. Kòkòrò ò mọ ààrẹ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé sẹ̀fíṣè ní Lima ni kì í tà á lálẹ́. Ẹja tí wọ́n rà ní ìdájí, oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi ń ṣe, wọ́n sì fẹ́ kó tán kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yin ń jókòó ti tiyín ní aago mẹ́wàá alẹ́, orin ń dún, iná aláwọ̀ aró ń ṣẹ́jú, ẹ ò rí àwọ̀ ẹja náà dáadáa, ẹ ò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìgbà tó ti kúrò nínú omi.

Àbí ẹ ti gbàgbé oṣù Kẹfà ọdún 2024? Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, kọmíṣọ́nà ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó, kéde kọ́lẹ́rà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó kú ti lé ní mẹ́wàá. Etí-Ọ̀sà, Lagos Island àti Kòsọ́fẹ́ wà lára àwọn agbègbè tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Etí-Ọ̀sà ni Victoria Island àti Lẹ́kí wà, níbi tí ẹ ti ń lọ jẹ̀gbádùn. Kòsọ́fẹ́ ló sì múlé ti Ṣómólú. Omi òfìò inú ike tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC wà lára ohun tí wọ́n fura sí, ohun mímu tó tutù, tó dùn, tí kò rùn. Ìgbà yẹn náà ni àwọn kan ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí èèyàn ṣáà ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ohunkóhun tó bá fẹ́ mu, kò séwu mọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ìjọ.

Àwọn tó ní ọtí ni yóò pa kòkòrò inú ẹja ńkọ́? Ọtí tí a fi ń pa kòkòrò ọwọ́ gbọ́dọ̀ tó ìdá 60 nínú 100 kó tó ṣiṣẹ́. Tequila tí ẹ ń dà mì ò ju nǹkan bí ìdá 40 lọ, kó tó tún bá omi ọsàn, ṣúgà àti yìnyín pàdé nínú ife. Ògógóró náà ò ṣe é. Ata rodo náà ò ṣe é. Ahọ́n yín nìkan ló ń jó.

Ohun méjì la mọ̀ tó ń pa aràn inú ẹja: iná tó wọ̀ ọ́ dé àárín, tàbí dídì gbagidi. Dídì tí mò ń wí kì í ṣe ti gbé-e-sínú-fíríìjì-di-ọ̀la. Ẹ̀rọ amúǹkandì gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹja sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méje láìyọ́. Ọjọ́ méje! Ta ni nínú yín, ní Jagunmólú àbí ní Bájuláyé, tí wọn ò múná lọ nílé rẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko? Àwọn tó wà ní Band A pàápàá, tí owó iná wọn fò sókè ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wákàtí 20 lóòjọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún wọn. Ilé oúnjẹ ńlá lè ní jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó péye. Ẹ bi wọ́n léèrè. Síbẹ̀, aràn nìkan ni dídì ń pa. Ẹ má gbára lé e fún kọ́lẹ́rà.

Èyí tó fẹ́ sọ mí di wèrè ni ti àwọn tó ń gbé àṣà yìí wálé. Mo rí ọmọbìnrin kan létí omi Ìlàjẹ ní Bàrígà tó ra ọ̀bọ̀kún lọ́wọ́ apẹja, tó ń gé e lórí pákó ìgéran tí kò fọ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, àlùbọ́sà kan, Maggi kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, tí wọ́n ń kígbe pé Lẹ́kí ti dé Bàrígà. Kò jìnnà síbi tí wọ́n dúró sí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onípákó kan wà lórí omi. Kò ní kòtò. Ọ̀sà ni kòtò rẹ̀. Ọ̀sà yẹn náà ni wọ́n ti mú ọ̀bọ̀kún wọn. Àwọn Ìlàjẹ tó ń gbé lórí omi, tí iṣẹ́ ìran wọn ni ẹja pípa, wọ́n ń yan án, wọ́n ń sè é, wọ́n ń dín in. Ta ló ní àwọn ò mọ fàájì?

Nítorí náà, ẹ lọ jẹun yín, ẹ bá ọ̀rẹ́ ṣeré. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná sọ̀ kalẹ̀, tó ṣì ń yọ èéfín, ni kí ẹ bèèrè. Ẹ ṣọ́ra fún yìnyín. Yìnyín ò lè mọ́ ju omi tí wọ́n fi ṣe é lọ. Aboyún, arúgbó, ọmọdé àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹja tútù rárá. Bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ẹ fi Flagyl tí ẹ̀ ń dá lò sílẹ̀, ẹ wá ORS. Bí kò bá sí, ẹ po ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6, tó kún dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì mọ́ omi lítà 1 tó ti hó tó sì ti tutù, kí ẹni náà máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ńbà NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá wí kẹ́yìn, ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ tí ẹ mọ orúkọ gbogbo oúnjẹ inú ìwé àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí. Ẹ yé pe ọ̀rẹ́ yín ní ará oko nítorí ó ní òun ò jẹ ẹja tútù. Ojú ló tì í tó fi gbé e mì. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bá a sáré ní òru. Bí agbáwo bá gbé àwo wá lọ́jọ́ mìíràn, tó rẹ́rìn-ín, tó ní ọsàn ti sè é, ẹ bá mi dá àwo náà padà, kí ẹ sì ní kó gbé e lọ sórí iná.