Windows 10 ti kógbá sílé: kí ni ká ṣe sí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ l'Ọ́ṣun?

Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ̀ǹda ọdún kan sí i fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ òyìnbó o. Ó kan Òṣogbo, ó kan Iléṣà, nítorí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé jẹun níbẹ̀ ń lò.

Kọ̀ǹpútà náà kò ní í kú lójijì. Yóò máa tàn, yóò máa tẹ̀wé. Ohun tó dáwọ́ dúró ni àtúnṣe tí wọ́n fi ń dí ihò táwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Windows 11 tí wọ́n ní ká bọ́ sí ń béèrè ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, kò sì fẹ́ ẹ̀rọ tó ti dàgbà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni kò yege. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sáré lọ bá ẹni tí yóò bá wọn fi ayédèrú sí i ní owó pọ́ọ́kú. Ayédèrú ọ̀hún yóò ṣiṣẹ́, títí di alẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì yóò jẹ iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó fi jíṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti rí nǹkan tó jọ ọ́ rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013 ni Gómìnà ìgbà náà, Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì Android tí ìwé oríṣi ẹ̀kọ́ 17 àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. 150,000 ni wọ́n ṣètò fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà. Èmi kò sí lára àwọn tó ń bú ètò náà; èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n rírà ni apá tó rọrùn. Ta ni yóò pààrọ̀ bátìrì? Ta ni yóò tún un ṣe bí ojú rẹ̀ bá fọ́? Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ariwo rẹ̀ rọlẹ̀.

Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà kò jẹ́ tajà àwìn láìdá ọjọ́ tí yóò gbowó. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ń ra kọ̀ǹpútà béèrè ọjọ́ tí ìtọ́jú rẹ̀ yóò parí. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó lè gbìyànjú Linux, ọ̀fẹ́ ni, kó sì ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ síbòmíràn, nítorí iná tó ń já lójijì pàápàá lè ba dísìkì jẹ́. Ní ti ìjọba, kí wọ́n tó tún ra òmíràn fún iléèwé, owó àtúnṣe ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn.