Ète àti Iṣẹ́ nínú Ìmọ̀ Ohun Abẹ̀mí

Bí olùkọ́ bá ń fi èdè Yorùbá kọ́ni nípa ohun abẹ̀mí, kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ pé, 'Ẹ̀gẹ́ ní oró kí ẹranko má baà jẹ ẹ́.' Àgbẹ̀ Ọdẹ́dá kankan kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n 'kí . . . má baà' a máa tọ́ka sí ẹni tí ó gbèrò. Ta ni ó gbèrò níhìn-ín? Ẹ̀gẹ́ kò ní ọkàn.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ewé àti gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ ni èròjà tí a ń pè ní linamarin wà. Ẹ́ńsáímù tí ó lè tú u wà lọ́tọ̀, lára ògiri sẹ́ẹ̀lì. Bí eyín tàbí ọ̀bẹ bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, àwọn méjèèjì yóò pàdé, oró sáyánáìdì yóò sì jáde. Ìyá tí ó ń ṣe láfún nílẹ̀ Ẹ̀gbá a máa rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan kí oró náà lè dínkù. Ète wà nínú rírẹ yẹn, nítorí ìyá náà mọ ohun tí òun ń wá.

Ti ẹ̀gẹ́ yàtọ̀. Bí a bá tẹ̀lé àlàyé tí Darwin ṣe ní 1859, àwọn baba ńlá ẹ̀gẹ́ tí oró wọn gbà lọ́wọ́ ẹranko ni ó rí àyè bí sí i. Larry Wright wá sọ ọ́ ní 1973 pé iṣẹ́ nǹkan ni ohun tí ó ń ṣe, tí ó sì jẹ́ ìdí tí nǹkan náà fi wà níbẹ̀. Pittendrigh ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, teleonomy, ní 1958, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ èrò Aristotle. Yorùbá kò nílò irú wàhálà bẹ́ẹ̀: 'iṣẹ́' ti wà nílẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ 'ète ọkàn ni láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri' sínú ìwé ọmọ iléèwé ni ó ń da omi rú.

'Àǹfààní' náà kì í ṣe iṣẹ́. Gààrí jẹ́ àǹfààní gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ fún wa. Iṣẹ́ gbòǹgbò náà ni láti tọ́jú oúnjẹ fún ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn àgbẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ń ṣa igi ẹ̀gẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ tóbi gbìn, láti ìran dé ìran. Ète ènìyàn ti wọ inú ìtàn gbòǹgbò náà. Yunifásítì ètò ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní 1988 wà ní ọ̀nà Alábàtà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọdẹ́dá. Ẹni tí yóò bá túmọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀ àyíká rẹ̀ lè lo ète àti iṣẹ́ pọ̀ fún irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti dárúkọ ẹni tí ó ni ète náà.