Ìmọ̀lára, Ìwọ̀lára àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ọnà Àìfarawé

Iṣẹ́ ẹni tí ń wá ìperí fún ìmọ̀ titun kò parí síbi pé ó rí ọ̀rọ̀. Ó kù kí ó wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Bí ìperí bá ṣìnà, ẹ̀kọ́ yóò bá a ṣìnà. Àpẹẹrẹ kan ni "ọnà àfòyemọ̀", orúkọ tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ògbufọ̀ lọ́kàn fún irú àwòrán tí kò fara wé ènìyàn, ẹranko tàbí ohun mìíràn tí ojú mọ̀.

Inú gírámà ni a ti yá "àfòyemọ̀". Ọ̀rọ̀-orúkọ àfòyemọ̀ ni ìwà, ìfẹ́ àti ìyà: ohun tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò lè bà, tí òye nìkan lè mọ̀. Níbẹ̀ ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ojú rí àwòrán. Ọ̀dà ni, ìlà ni, àwọ̀ ni. Ìfarawé nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. Bí a bá ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó pé òye ni a fi ń mọ irú iṣẹ́ yìí, òye ni yóò máa wá kiri. Bí kò bá rí i, yóò ní, "Kò yé mi," yóò sì kọ ẹ̀yìn sí i. Kò ní bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àwòrán náà ṣe sí i. Orúkọ ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Tola Wewe, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà lára àwọn márùn-ún tí ó dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989, pẹ̀lú Moyo Okediji, Kunle Filani, Bolaji Campbell àti Tunde Nasiru. Wọ́n wo ara àdìrẹ àti ògiri ojúbọ tí àwọn obìnrin ń kùn, wọ́n sì mú ìlà àti àmì ibẹ̀ wọ inú àwòrán ìgbàlódé. Ta ni ó ń bi aláàdìrẹ pé kí ni ìlà aṣọ rẹ̀ jọ kí ara rẹ̀ tó yá sí i?

Ọ̀rọ̀ ara yìí gan-an ni ó gbé ìṣòro kejì dìde. Ní 1641, Descartes ya èrò sọ́tọ̀ kúrò lára ara. Bí olùkọ́ bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ọkàn àti ara", akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè pé, ṣé inú ara kọ́ ni ọkàn wà ni? Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin jẹ́ kí ó hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1991 pé ọkàn tí ń lù kìì àti ọkàn tí ń rò ń jẹ́ orúkọ kan náà. Inú ń dùn, àyà ń já, orí ń wú, ojú ń tini. Ní 1884, William James ní láti ro ẹjọ́ gígùn kí ó tó lè sọ pé ara ni ó kọ́kọ́ ń mì, kí a tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bani. "Àyà rẹ̀ já" ti so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí èyí fò sókè: àkànlò èdè kì í ṣe ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó fi hàn ni pé ìpínyà náà ti Descartes ni, kì í ṣe ti èdè Yorùbá, ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ òde òní, bí Brian Massumi ní 1995, tún ya ohun méjì sọ́tọ̀: agbára tí ó kọ́kọ́ ba ara kí ènìyàn tó mọ ohun tí ó ń ṣe é, àti èyí tí ó ti mọ̀, tí ó sì ti fún ní orúkọ bí ayọ̀ tàbí ìbẹ̀rù. "Ìmọ̀lára" bá èkejì mu, nítorí "mọ̀" wà nínú rẹ̀. Fún èkíní, àbá tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni "ìwọ̀lára". Yorùbá a máa sọ pé orin wọ ènìyàn lákínyẹmí ara, bí kò tilẹ̀ lè sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra jù ní etí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọra náà ń rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ìpele méjì ohun kan náà ni wọ́n. A kò sì lè gé e kúrú sí "ìwọra", nítorí ojúkòkòrò ni ìyẹn. Bákan náà ni "ọnà àìfarawé" ṣe sàn ju "ọnà tí kò jọ nǹkan", èyí tí yóò dà bí èébú.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ó ku ọgbọ́n-orí àti ọnà. Kí àwọn olùkọ́ ní Adéyẹmí ní Oǹdó, àti àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, na àdìrẹ kan àti àwòrán kan síwájú kíláàsì, kí wọ́n béèrè ohun tí ó wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára, lẹ́yìn náà ohun tí ó mọ̀ lára. Bí ìperí náà bá yege níbẹ̀, kí a gbà á. Bí kò bá yege, kí a wá òmíràn. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tún kọ ẹ̀yìn sí àwòrán nítorí orúkọ.